Ẹsẹ̀ Adìyẹ Lára Àga Bọ́ọ̀sì

                                        Ilé ọmọ mi obìnrin,
                                        Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta,
                                        Ẹ̀yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá, 1993.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ẹlẹ́sọ̀,

Ṣé dáadáa ni o wà? Orúnkún rẹ tó ń dùn ọ́ nígbà tí mo ń bọ̀ ńkọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu? Ìyàwó wa ńkọ́? Sọ fún un pé láti ìgbà tí mo ti dé ibí, n kò tíì rí ọbẹ̀ tó tó tirẹ̀, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ kí ìyàwó tèmi gbọ́. Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ọmọọṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ńkọ́, ṣé wọ́n ń ṣiṣẹ́ àbí wọ́n kàn ń jẹun? Màmá wa ńkọ́? Ṣé wọ́n ń rí oorun sùn, ṣé wọ́n ń rí oúnjẹ jẹ dáadáa? Mo mọ̀ pé o ti ń rẹ́rìn-ín báyìí, o ní Onílẹ́dà ti dé, kò ní sọ ohun tó gbé e wá bọ̀rọ̀. Farabalẹ̀. Ọ̀rọ̀ wà. Wá ibì kan jókòó sí kí o tó ka ìwé yìí, kí o sì kà á tán kí o tó pe ẹnikẹ́ni.

Èmi ń bẹ. Ara mi ta kébé bí àga tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fa lẹ́dà sí. Òtútù ibí kò ṣe é fẹnu sọ, ó máa ń wọlé láti abẹ́ ìlẹ̀kùn bí olè, ṣùgbọ́n ó ti mọ ẹni tó bá pàdé, ó ti ń bọ̀wọ̀ fún mi. Ọmọ mi wà dáadáa, ọkọ rẹ̀ náà wà, ọmọ-ọmọ mi ti yọ eyín méjì, mo sì lè búra fún ọ pé imú mi ló gbé wá sáyé. Mo ti wọ ọkọ̀ òfuurufú, Ẹlẹ́sọ̀. Mo tẹ àga rẹ̀ wò. Fóòmù rẹ̀ kò nípọn tó fóòmù tí a fi ń ṣe àga lọ́rì.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ ìwé yìí o. Ọmọ mi ní kí n máa sọ ọ́ lẹ́nu kí òun máa bá mi kọ ọ́, mo ní rárá, ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ọmọdé. O mọ̀ pé kíláàsì kejì ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀. Bí o bá rí ibi tí mo ti kọ ọ̀rọ̀ wọ́gọwọ̀gọ, fò ó. Ilé méjì tí mo ní, ìwé kọ́ ló bá mi kó bíríkì rẹ̀.

O rántí ìrọ̀lẹ́ tí mo wá dágbére fún Màmá. Wọ́n jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí wọ́n máa ń jókòó sí láti ọjọ́ tí Pẹ́ńpé àbúrò rẹ ti lọ, tí wọ́n ń wo ojú ọ̀nà bí ẹni pé ọmọ náà kàn lọ ra iyọ̀ ni. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, “Onílẹ́dà, ṣebí ìlú tí ò ń lọ yìí náà ni àbíkẹ́yìn mi wà nígbà tó kọ̀wé ẹ̀ẹ̀kan yẹn? Bá mi wò ó. Kí n tó lọ, kí n gbọ́ ohùn rẹ̀.” Èmi náà, ẹnu mi tí kì í dákẹ́, mo ní, “Màmá, bí ó bá wà lórí ilẹ̀, màá rí i. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.” Ìyàwó rẹ rẹ́rìn-ín. Ìwọ kò rẹ́rìn-ín. O dìde, o ní o fẹ́ lọ mu omi, o wọlé, o kò sì tètè jáde. Mo rí ọ. Mo mọ̀ pé kì í ṣe omi lo lọ mu.

Kí n má tàn ọ́, nígbà tí mo dé ibí tí mo rí bí èèyàn ṣe pọ̀ tó, àyà mi já. Gbogbo wọn ń yára, gbogbo wọn ń wo iwájú. Ta ni màá bi léèrè? Mo ṣèlérí fún ìyá àgbàlagbà, mo wá dé ibi tí n kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ọmọ mi pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ bá mi béèrè lọ́dọ̀ àwọn èèyàn wa tó wà níbí, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ó kù díẹ̀ kí n pa dà sílé, mo sì ti ń ronú irọ́ tí màá pa fún Màmá.

Nǹkan tó tún jẹ́ kó burú ni pé inú ilé ni mo wà ṣáá bí adìyẹ tó ń sàba. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ mi, ilẹ̀ kì í mọ́ bá a nílé. Ọkọ rẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Wọ́n á gbé ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti ń bá wọn tọ́jú rẹ̀, wọ́n á yí sẹ́yìn, wọ́n á ní, “Bàbá, ẹ má jáde o, ẹ ó sọnù.” Èmi! Èmi tí mo ń gbé lẹ́dà kọjá bodè nígbà tí irùngbọ̀n ò tíì hù lágbọ̀n mi! Ọjọ́ ìsinmi nìkan ni wọ́n máa ń fi mọ́tò gbé mi jáde. Wọ́n á di bẹ́líìtì mọ́ mi láyà, mọ́tò á máa sáré, n kò ní rí ju ìdí mọ́tò ẹlòmíràn lọ títí a ó fi dé.

Bàbá kan wà ní ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, agẹrun ni tẹ́lẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Èmi ò gbọ́ èdè rẹ̀, òun náà ò gbọ́ tèmi, ṣùgbọ́n a jọ máa ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Òun ló fi tíkẹ́ẹ̀tì kan hàn mí. Ó tọ́ka sí irun funfun orí rẹ̀, ó tọ́ka sí tèmi, ó fọwọ́ yí bí ìdarí ọkọ̀, ó wá na ọwọ́ láti ibi tí oòrùn ti ń yọ títí dé ibi tó ń wọ̀. Ó yé mi. Tíkẹ́ẹ̀tì àwọn arúgbó ni, bí o bá ti rà á láàárọ̀, gbogbo bọ́ọ̀sì ìlú ló di tìrẹ di ìrọ̀lẹ́, owó rẹ̀ kò sì tó owó búrẹ́dì kan. Èmi ò tíì darúgbó o. Ṣùgbọ́n bí nǹkan ọ̀pọ̀ bá ti wà tí wọ́n ní arúgbó ló ni ín, lójú ẹsẹ̀ ni ẹ̀yìn mi máa ń tẹ̀. Ó tún ya àwòrán fún mi sẹ́yìn páálí sìgá: bọ́ọ̀sì kìíní, bọ́ọ̀sì kejì, omi ńlá. Ó fẹ́ kí n lọ wo omi.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo dúró kí wọ́n lọ tán. Mo wọ kóòtù ọkọ ọmọ mi, ó gùn dé ojúgun mi. Mo fi búrẹ́dì àti ẹyin bíbọ̀ sínú àpò kan, mo fi àdírẹ́sì ilé sínú àpò kejì, mo sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí bọ́ọ̀sì dé, mo na owó sí dírẹ́bà, mo sì fi ìka hàn án pé kó dín in kù. Ó wò mí bí ẹni tó rí ewúrẹ́ tó ń kọrin. Ó tọ́ka sí àpótí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pé àpótí ló ń gbowó. Ẹlẹ́sọ̀, báwo ni èèyàn ṣe ń bá àpótí ná ọjà? Mo sanwó náà, ó dùn mí títí mo fi jókòó.

Kí n tó jókòó, mo kọ́kọ́ tẹ àga wò. O mọ̀ mí. Mo tẹ àárín, mo tẹ etí, mo gbé e sókè díẹ̀ kí n wo abẹ́ rẹ̀. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kó àpò rẹ̀ mọ́ra. Ojú rírán àga náà gún régé, ẹ̀rọ ló rán an. Kò burú, àmọ́ kò sí èèyàn nínú rẹ̀.

Bí bọ́ọ̀sì náà ṣe gbéra báyìí, ọkàn mi kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo bá ara mi lẹ́yìn lọ́rì tí a fi ń kó àga lọ fún àwọn oníbàárà òkè ọ̀hún. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìwọ, èmi àti Pẹ́ńpé, a ó jókòó lórí àga tuntun tí wọ́n so mọ́ lọ́rì, a ó kọjú sẹ́yìn, ọ̀nà á máa sá lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Lẹ́nu ọ̀nà gbogbo abúlé, àwọn èèyàn á máa juwọ́ sí wa bí ẹni pé ọba ń kọjá. O rántí ọjọ́ tí òjò ká wa mọ́? Ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́ ti ní awọ àga wọ́n ju awọ ara wa lọ. A bọ́ ẹ̀wù bò wọ́n, ẹ̀wù kò tó. Ni Pẹ́ńpé bá na gbalaja lórí àga dírẹ́bà bí ẹní, ó ya ọwọ́, ó ya ẹsẹ̀, òjò ń lù ú lẹ́yìn, ó ń fi ohùn burúkú rẹ̀ yẹn kọrin. Nígbà tí a débẹ̀, àga gbẹ, ó sì jẹ́ pé ìwọ lo fi epo pa á lára ní gbogbo òru, tí o ń bú u, tí o tún ń bò ó láṣọ. Mo ń rẹ́rìn-ín nínú bọ́ọ̀sì, èmi nìkan. Wọ́n á ti rò pé orí mi ti dàrú.

Mo bọ́ sílẹ̀ níbi tí bàbá agẹrun yà fún mi, mo wọ bọ́ọ̀sì kejì. Èyí ti gbó. Ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, inú mi sì dùn, torí ó jọ mọ́tò. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo lọ jókòó sí. Mo bó ẹyin, mo jù ú sẹ́nu. Bọ́ọ̀sì já sínú kòtò, mo fi ọwọ́ òsì di etí àga mú, ni ìka mi bá kan nǹkan.

Igun àga náà ti ya rí, ẹnì kan sì ti fi ọwọ́ rán an pa dà. Nígbà tó rán an dé igun, kàkà kó ta kókó kan kó parí rẹ̀, ó ya òwú sí ọ̀nà mẹ́ta, bí ìgbà tí adìyẹ bá tẹ ẹrẹ̀. Ẹlẹ́sọ̀, ẹyin tó wà lẹ́nu mi, n kò lè gbé e mì.

Ẹsẹ̀ adìyẹ! Àwa yòókù, kókó kan la máa ń ta ní igun, a ó tì í bọ abẹ́ lẹ́dà, ojú kò ní rí i. Pẹ́ńpé ní òun kò gbà, ó ní kókó kan á tú bí ẹni tó sanra bá jókòó lé e. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni tirẹ̀, gbangba-gbàǹgbà lójú oníbàárà. Ọ̀gá á dúró sẹ́yìn rẹ̀, á kígbe mọ́ ọn, “Pẹ́ńpé! Tú u!” Òun á ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá,” á mú ọ̀bẹ, á tú u. Tó bá di ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ adìyẹ tún ti dé. Wọ́n gbá a létí, wọn ò fún un lóúnjẹ, ìwọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí o fi nà án, kò yí pa dà. Kò sí ẹlòmíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ láyé yìí, torí kò sí ọ̀gá tó máa gbà á.

Mo wo àga iwájú mi: ẹsẹ̀ adìyẹ. Mo dìde, mo wo ti òdìkejì: ẹsẹ̀ adìyẹ. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ bọ́ọ̀sì, mo ń rákò láti àga dé àga, mo ń fọwọ́ pa igun wọn. Ìyá àgbà kan tó dé fìlà pupa rò pé nǹkan ló bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀, òun náà kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ ra ilẹ̀ kiri. Ọkùnrin kan tó gbé irinṣẹ́ dání bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọge méjì bẹ̀rẹ̀. Kí n tó pajú, ìdajì bọ́ọ̀sì ti wà nílẹ̀, wọ́n ń wá ohun tí kò sọnù. Ọ̀kan gbé bọ́tìnnì fún mi, mo mi orí. Ọ̀kan gbé yẹtí kan fún mi, mo mi orí. Wọ́n ń kẹ́dùn pẹ̀lú mi gan-an, n kò sì mọ bí màá ṣe sọ fún wọn pé mo ti rí ohun tí mò ń wá.

Dírẹ́bà dá bọ́ọ̀sì dúró. Obìnrin ni, ó sígbọnlẹ̀, ojú rẹ̀ le bí ojú ọ̀gá ọlọ́pàá. Mo fi ìka na ẹsẹ̀ adìyẹ hàn án. Ó rò pé mò ń jà pé àga wọn ya, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Mo ní rárá. Mo ṣe bí ẹni ń fa abẹ́rẹ́. Mo fọwọ́ díwọ̀n èèyàn kúkúrú nílẹ̀. Mo tọ́ka sí awọ ara mi. Ó wò mí títí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó pàtẹ́wọ́. Òun náà fọwọ́ díwọ̀n èèyàn kúkúrú, tirẹ̀ tún kúrú ju tèmi lọ, ó sì tọ́ka sí iwájú. Mo jókòó.

A dé ibi omi ńlá náà. Gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, ìyá onífìlà pupa sì bọ̀ mí lọ́wọ́ kó tó lọ. Wọ́n ní omi náà dára, wọ́n ní àwọn èèyàn máa ń ti ibi jíjìnnà wá wò ó. Bí bàbá agẹrun bá bi mí, màá ní ó dára. N kò wò ó.

Dírẹ́bà gbé mi kọjá ibẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tún bọ́ọ̀sì ṣe, ilé ńlá onípáànù kan. Ó mú mi gba ẹ̀yìn. Kí n tó rí ẹnikẹ́ni, òórùn gọ́ọ̀mù kọ́kọ́ gbá mi nímú. Mo dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹlẹ́sọ̀, òórùn yẹn! Ọ̀sán gangan ni, ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá. Páànù ń ta gbà-gbà nínú oòrùn. Ìwọ ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ, o ti ahọ́n síta bí o ṣe máa ń ṣe. Èmi ń purọ́ fún oníbàárà pé àga rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, a ò sì tíì gé e. Pẹ́ńpé ń sùn lábẹ́ tábìlì nínú ègé fóòmù, ọ̀gá mú bàtà lọ́wọ́, ó ń wá a, gbogbo wa mọ ibi tó wà, kò sẹ́ni tó sọ. A ò ní nǹkan kan nígbà yẹn. Búrẹ́dì kan la máa ń fi abẹ ìgélẹ́dà gé sí mẹ́ta. Mo ní ilé báyìí, mo ní ọmọọṣẹ́ tó ń pè mí ní Alàgbà, mo ní mọ́tò tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe àga rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀rín tí a ń rín nígbà yẹn, n kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń tà á.

Ọkùnrin kan jókòó sórí àpótí, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó gbé àga bọ́ọ̀sì sáàárín ẹsẹ̀. Irun ti tán láàárín orí rẹ̀, èyí tó kù ti funfun. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé mo ti ṣe àṣìmọ̀. Ó wá fi ètè tẹ òwú, ó tẹ orí sí òsì bí ẹni tó ń gbọ́ ohun tí abẹ́rẹ́ ń sọ. Òun ni.

N kò pe orúkọ rẹ̀. Mo fẹ àyà, mo gbé ohùn ọ̀gá wa wọ̀, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, mo kígbe:

“Pẹ́ńpé! Tú u!”

“Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá,” ló fi dáhùn.

Kò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Ọwọ́ rẹ̀ ti mú ọ̀bẹ, ó ti gé òwú kìíní kó tó rántí ibi tó wà. Ọ̀bẹ bọ́ sílẹ̀. Ó rọra yí pa dà bí ẹni tí ọrùn ń dùn. Ó wo bàtà mi, ó wo kóòtù, ó wo ojú mi. Kò kí mi. Kò béèrè ibi tí mo gbà wá.

Ó ní, “Màmá ńkọ́?”

Mo ní, “Wọ́n wà láàyè. Wọ́n ń retí ẹ.”

Ni ó bá fi orí lé àga bọ́ọ̀sì náà, ó sunkún bí ọmọ tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Dírẹ́bà tó mú mi wá sáré lọ bu omi wá, kò mọ ohun tí mo ṣe fún un, ó ń fojú bú mi. Mo jẹ́ kó sunkún. Èmi náà yí ojú sí ògiri, mo ní mò ń wo irinṣẹ́ wọn.

Nígbà tó gbé orí sókè, ó nu imú, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá Onílẹ́dà, ẹ mà ti sanra o.”

“Owó ni,” mo ní. “Ìwọ, o ò tíì ga.”

“Wọn ò tà á níbí, ǹ bá ti rà díẹ̀.”

Ó po tíì fún mi. A jókòó sórí àga tí kò tíì ní lẹ́dà. Mo wá bi í pé kí ló dé. Kí ló dé tí èèyàn á fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà bẹ́ẹ̀? Ó ń fi ìka fa òwú kan lára ṣòkòtò rẹ̀. Ó ní, “Ṣé ẹ rántí ohun tí ẹ̀gbọ́n mi sọ lọ́jọ́ tí mò ń lọ?”

Mo rántí, Ẹlẹ́sọ̀. Èmi ni mo gbé àpò rẹ̀ dé ìta. O fẹ́ kó dúró tì ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, òun ní abẹ́rẹ́ ti sú òun, òun fẹ́ lọ di èèyàn ńlá. Ìbínú gbé ọ. O ní, “Máa lọ. Ṣùgbọ́n bí o bá débẹ̀ tó jẹ́ abẹ́rẹ́ náà lo tún fi ń jẹun, má pa dà wá fojú kàn mí.” Gbogbo wa tó wà níbẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe inú rẹ ló sọ ọ́. Òun nìkan ni kò mọ̀, torí òun lo sọ ọ́ sí. Ó dé ibí, ó fọ abọ́, ó gbá títì, ó ru ẹrù, kò sí èyí tó gba ọwọ́ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ nìkan ló gbà á. Ọjọ́ tó mú abẹ́rẹ́ ni kò ti lè kọ̀wé sílé mọ́. Ó ní kí lòun fẹ́ kọ síbẹ̀?

Mo bú u dáadáa. Mo ní, “Ìwọ òmùgọ̀ yìí! Abẹ́rẹ́ tí ò ń tijú rẹ̀ yìí ni mo fi kọ́ ilé méjì. Òun ló sọ ọmọ mi di nọ́ọ̀sì. Ta ló sọ fún ẹ pé èèyàn ńlá kì í gún abẹ́rẹ́? Wò mí dáadáa! Ìdí gbogbo ìlú yìí ń jókòó lé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ láàárọ̀ lálẹ́, o wá ń sá fún ẹni tí ẹ jọ mu ọmú kan náà.” Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ṣì ń bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè ohun tó ti ń dùn ún látìgbà tí mo dé. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Ṣé wọ́n mọ̀ pé ẹ ń wá mi?”

Ibí ni kí o ti fara balẹ̀ kà, ọ̀rẹ́ mi. Mo wo ojú rẹ̀. Mo rí i pé bí mo bá ní rárá, á dúpẹ́, á fún mi ní tíì sí i, á sì pa dà sídìí iṣẹ́ rẹ̀ títí ìyá yín á fi kú. Mo ní, “Òun gan-an ló rán mi. Ó ní kí o máa bọ̀ nílé.”

Ahọ́n mi kò kọsẹ̀. O mọ̀ mí, mo ti ta àga tó jóná lábẹ́ fún ọlọ́pàá rí.

“Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn.”

“Ẹnu ara wọn?”

“Ṣé ẹnu ta ni kó yá?”

Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, mo mọ̀ yín. Ẹnu yín dùn jù. Ẹ ní kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́ sí mi, kó jẹ́ ìlà kan péré. Bí mo bá ti rí i, màá gba ìsinmi, màá bá yín wọ ọkọ̀ òfuurufú kan náà.” O rí i? Ọdún gbogbo yìí kò tíì sọ ọ́ di òmùgọ̀.

Ó pa iṣẹ́ tì, ó sìn mí délé. Bọ́ọ̀sì yẹn kan náà la wọ̀, àga ẹ̀yìn la jókòó sí, a pín búrẹ́dì tó kù. Ilẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀ níta, iná ń tàn lójú fèrèsé àwọn èèyàn, wọ́n ń wọlé, wọ́n ń bọ́ kóòtù. Pẹ́ńpé ń bi mí nípa olúkúlùkù. Ta ló ń gbé ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá báyìí? Ẹ̀rọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan dá ńkọ́? Ṣé ìwọ ṣì ń ti ahọ́n síta bí o bá ń ránṣọ? Mo ń dá a lóhùn, ó sì ń pa ojú dé, bí ẹni tó ń jẹ nǹkan dídùn. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú kọrin. Ohùn náà burú bíi ti àtijọ́. Àwọn èrò ń wẹ̀yìn. Mo bá a gbè é.

Nígbà tí a délé, ọmọ mi ti kó gbogbo aládùúgbò jọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó ṣì wọ aṣọ iṣẹ́, ó ń sunkún, ó ń bú mi, ó ń dì mọ́ mi, bàbá agẹrun dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó jí ẹran. “Bàbá, mo ní ẹ ó sọnù! Ṣé mo sọ àbí n ò sọ?” Mo ní, “Ta ló sọnù? Ẹni tó sọnù ni mo lọ mú wá yìí.” Pẹ́ńpé wò ó lókè nílẹ̀, ó ní, “Ṣé ọmọ tí mo máa ń pọ̀n lọ ra búrẹ́dì tó ń gbé gbogbo inú rẹ̀ jẹ lọ́nà nìyí?” Ọmọ mi kúnlẹ̀ lórí òkúta títì pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn. Àwọn aládùúgbò ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn, Ẹlẹ́sọ̀. Ẹ̀gbẹ́ tèmi ti yanjú. Mo mọ̀ pé o máa bínú pé mo fi ẹnu rẹ sọ ohun tí o kò sọ. Bínú. Bí o bá bínú tán, mú bírò. N kò ní kí o tọrọ àforíjì, n kò sì ní kí o ṣàlàyé nǹkan kan. “Máa bọ̀ nílé,” ó tán. Má béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, ó ti mọ̀ pé o mọ̀. Kọ ọ́ lónìí kó lè bá mi níbí kí n tó gbéra. Má sọ fún Màmá kí o tó fi í ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí o bá ti fi í ránṣẹ́, lọ jókòó tì wọ́n, kí o sọ fún wọn pé mo rí i, pé ó ń jẹun, pé ó ti pá lórí, kò sì ga sí i.

Bá mi kí ìyàwó rẹ tó fi mí rẹ́rìn-ín, kí o bi í bóyá ó ṣì ń rín in. Kí ìyàwó mi, sọ fún un pé mò ń wọ ìbọ̀sẹ̀ méjèèjì tó dì fún mi, irọ́ ni, àmọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Kí àwọn ọmọọṣẹ́ mi, kí wọ́n má fọwọ́ kan lẹ́dà pupa tó wà lókè àjà. Kí gbogbo ilé.

Jọ̀ọ́, ọ̀rẹ́ mi, mo ti wo ojú àbúrò rẹ, mo ti sọ ọ́ tán. Má sọ mí di onírọ́.

                                        Èmi ni, tìrẹ láti kékeré títí di ogbó,
                                        Onílẹ́dà.